Òtítọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Fi Ẹrù Ránṣẹ́, Èsì Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Gbé E

Ìlú wo ni ó kù ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ọmọ ní òkè òkun? Ọ̀sẹ̀ wo ni ẹrù kì í ti ọ̀dọ̀ wa lọ bá wọn níbẹ̀? Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń fi aṣọ òkè ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Aláró Abẹ́òkúta ń fi àdìrẹ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Agbẹ́gilére Òṣogbo ń fi ère ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Òbí ń fi ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì tí ó ti dá ọjọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò fún wa: ẹrù lọ, ẹrù kò dé, a béèrè, a kò rí ẹni dá wa lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, nítorí ó ti kọjá ohun tí a lè fi "ẹ ṣe sùúrù" bò mọ́lẹ̀.

Kí ni ìdádúró ẹrù ń bà jẹ́? Aṣọ ìgbéyàwó tí ó dé lẹ́yìn ìgbéyàwó ti di aṣọ lásán. Ẹni tí ó rà á kò ní fẹ́ san ìyókù owó, ahunṣọ tí ó yá owó ra òwú yóò sì jókòó ti gbèsè. Ìwé ẹ̀rí tí ó dé lẹ́yìn ọjọ́ tí a dá lè gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí, oníbàárà tí ojú rẹ̀ ti rí màbo lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá. Aṣọ tí a fi ẹ̀rọ hun ní ilẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò lọ rà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ páálì kan péré ni èyí kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Oúnjẹ òòjọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ni, ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa sì ni.

Fífi ẹrù ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun tuntun sí àwa Yorùbá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí kò sí bàálù, aṣọ tí a hun ní ilẹ̀ wa ń ti Èkó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, pẹ̀lú obì àti ọṣẹ dúdú. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe aṣọ náà ní pano da costa, èyí ni aṣọ tí ó wá láti etí òkun wa. Ní 1852 ni a dá ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1874, àwọn orílẹ̀-èdè kan fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland, wọ́n sì dá àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé sílẹ̀, kí lẹ́tà àti ẹrù lè máa kọjá láti ilẹ̀ kan dé èkejì láìsí ìdènà. Nàìjíríà wọ àjọ náà ní 1961, ọdún tí ó tẹ̀ lé òmìnira wa. Nítorí èyí, páálì tí a fi sílẹ̀ ní pósítọ́fíìsì Ìbàdàn ti ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin gbogbo ayé kí ó tó kúrò lórí káńtà. Kò tọ́ kí ẹni tí ó ni ín máa ṣe bí ẹni tí ń tọrọ bárà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹrù ti ń dúró. Bí ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pẹ́, olè ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. A kò sọ pé olè kò sí láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹrù ń gbà gùn, bodè rẹ̀ sì pọ̀. Láti orí káńtà, yóò lọ sí ibi tí a ti ń to ẹrù. Yóò kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè wa. Yóò dúró de bàálù. Yóò bọ́ sí ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ tí ó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ yóò tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ni ín. Láyé ìsinsìnyí ẹ̀wẹ̀, ìròyìn ẹrù ń ṣáájú ẹrù fúnra rẹ̀. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2018 pa á láṣẹ pé kí orúkọ ẹni tí ó fi páálì ránṣẹ́, orúkọ ẹni tí yóò gbà á, àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gba orí ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè wọn kí páálì náà tó gúnlẹ̀. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú ń béèrè irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Inú fọ́ọ̀mù tí a kọ lórí káńtà ni a sì ti ń rí ìròyìn náà. Bí fọ́ọ̀mù bá rí ségesège, ẹrù yóò jókòó. Ìwé ni ẹsẹ̀ tí ẹrù fi ń rìn.

Níhìn-ín ni a ní láti sọ òtítọ́ fún ara wa, bí ó tilẹ̀ korò. Púpọ̀ nínú wa kì í kọ òtítọ́ sínú ìwé ẹrù. A ó ta aṣọ, a ó gba owó rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ pé "ẹ̀bùn" ni. A ó di aṣọ òkè tí ó tó 200,000 náírà, a ó sì kọ 10,000 náírà sí i, kí owó bodè má baà pọ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ọgbọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ ẹlòmíràn. Àwọn baba wa ti rí irú èyí rí kí wọ́n tó sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ wo èrè tí ó wà nínú èké náà. Aṣọ́bodè tí ó ti ń rí ẹrù láti ọdún pípẹ́ kì í ṣe ọmọdé; bí iye tí a kọ kò bá ojú aṣọ mu, yóò gbé páálì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì béèrè ìwé ọjà. Kí lẹ́tà tó lọ kí èsì tó bọ̀, ọjọ́ ayẹyẹ ti kọjá. Bí ẹrù náà bá sì sọnù, kò sí bí a ó ṣe gba owó aṣọ 200,000 náírà lórí ìwé tí a fi ọwọ́ ara wa kọ 10,000 sí. Àdéhùn àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ayé tilẹ̀ tú iléeṣẹ́ tí ó gbé ẹrù sílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ni ó fa ìpàdánù náà. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń ya ìwé ẹ̀tọ́ wa.

Irọ́ yìí kò tilẹ̀ lérè mọ́ bí ó ti lérè tẹ́lẹ̀. Ìgbà kan wà tí páálì kékeré, tí iye owó rẹ̀ kò tó nǹkan, máa ń wọ ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ti ń ti ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021, Gẹ̀ẹ́sì mú àǹfààní kúrò lórí ọjà tí kò ju pọ́n-ùn 15 lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, àwọn ilẹ̀ tí ó wà nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjà tí kò ju yúrò 22 lọ. Èyí tí ó mi gbogbo ayé jù ni ti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba wọn fòpin sí àǹfààní tí páálì tí kò ju 800 dọ́là lọ ń jẹ láti má san owó bodè. Kò sí àkókò tó fún àwọn iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ láti mọ bí wọn yóò ṣe gba owó náà àti ẹni tí wọn yóò san án fún. Àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà pé iléeṣẹ́ 88 ni ó ti dá iṣẹ́ dúró sí Amẹ́ríkà, àwọn kan ní apá kan, àwọn mìíràn pátápátá. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò béèrè kí ó tó fi ẹrù sílẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sínú àgbàrá.

Àṣìṣe kejì tí a ń ṣe ni pé a máa ń da ẹrù pọ̀ mọ́ra. Ìyá yóò di aṣọ olówó iyebíye fún ọmọ rẹ̀, ìfẹ́ yóò sì mú kí ó ki ẹran gbígbẹ díẹ̀ sí i lábẹ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ẹran láti ilẹ̀ wa wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹran díẹ̀ yẹn ni yóò sì dá gbogbo páálì dúró. Bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù pẹ̀lú, ohun tí ó lè gbiná nínú bàálù ni, òfin tí ó de gbígbé e sì le. Owó, wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye kò yẹ kí ó wọ inú lẹ́tà tàbí páálì tí kò ní ìdójútòfò. Àdéhùn àgbáyé kọ̀ ọ́. Ní ti ère àti iṣẹ́ ọnà, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1979 lórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbà kí ohun àtijọ́ jáde láìgba àṣẹ. Kódà bí ère tuntun ni agbẹ́gilére gbẹ́, ó dára kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pé ohun náà kì í ṣe ohun àtijọ́, kí aṣọ́bodè má baà dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú.

A ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò ní bí a bá kọ iye owó gan-an, a ń júwe ilé fún olè ni. Wọn yóò tún ní owó bodè yóò pa oníbàárà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ó sì yẹ kí a fún un lésì. Ní ti olè, ohun tí ń dáàbò bo ẹrù olówó iyebíye ni pé kí a fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdójútòfò, tàbí kí a gbà á sí rẹ́jísítà, tí gbogbo ọwọ́ tí ó bá kàn án yóò máa fi ọwọ́ sí ìwé. Kí a béèrè lórí káńtà bóyá ilẹ̀ tí ẹrù ń lọ ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní ti owó bodè, kí ọlọ́jà àti oníbàárà fi ẹnu kò kí ẹrù tó gbéra: ta ni yóò san án? Owó tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í pa ènìyàn. Èyí tí ó bá ni lójijì ni ó ń mú kí oníbàárà kọ ẹrù sílẹ̀ fún aṣọ́bodè.

Bí ẹrù bá wá pẹ́ ńkọ́? Ariwo kì í gba ẹrù. Ẹ wo ìwé tí a fún yín. Nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ àmì 13: lẹ́tà méjì níwájú, nọ́ńbà mẹ́sàn-án láàárín, lẹ́tà méjì tí ó ń sọ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn, tiwa sì ni NG. Nọ́ńbà kẹsàn-án kì í ṣe àfikún lásán. Ìṣirò mẹ́jọ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni a fi ń rí i, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ṣì í kọ. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń dúró de ẹrù, kí ó béèrè ní ìlú tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹrù ti dé ilẹ̀ òkèèrè tí ó ń dúró de owó bodè tàbí àdírẹ́sì tí ó péye. Bí kò bá sí ìròyìn, kí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ padà sí ibi tí ó ti fi í sílẹ̀, kí ó mú rìsíìtì lọ́wọ́, kí ó sì béèrè ìwádìí ní kíkọ. Oṣù mẹ́fà ni àdéhùn àgbáyé fi sílẹ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí a fi ẹrù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi oṣù méje bẹ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kiri ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ta ọrẹ. Kí a sì rántí pé àdéhùn kan náà sọ pé ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́ ni ó ṣì ni ín títí tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, àfi bí òfin ilẹ̀ bá gbẹ́sẹ̀ lé e.

A ti bá ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́ wí. Ó kan ẹni tí ó gbé e. Àwọn àgbà wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tí ó ní kí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, pàṣẹ fún aṣọ́bodè ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí a ń béèrè kéré: kí wọ́n sọ fún wa. Bí ilẹ̀ kan bá ti ìlẹ̀kùn, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kí a tó gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ẹrù bá dúró, kí a sọ ibi tí ó dúró sí àti ìdí rẹ̀. Èyí kì í ṣe oore. Òfin ilẹ̀ wa ti 2018 tí ó ń dáàbò bo oníbàárà sọ pé ẹni tí ó sanwó fún iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ kí a ṣe é fún un lásìkò, àti kí a tètè fi tó o létí bí ìdádúró tí a kò lè yẹ̀ bá dé. Ìdádúró lè wá láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́, ọwọ́ ẹni tí ó gba owó wa ni ó ti ń wá. Ìyá tí a sọ fún pé aṣọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ aṣọ́bodè ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè wá nǹkan ṣe. Èyí tí a ní kí ó "padà wá lọ́la" ní ìgbà mẹ́wàá, a ti jà á lólè àkókò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ìṣèlú. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti owó bodè sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Gómìnà kò ní agbára lórí rẹ̀; ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kò lè ṣe òfin lé e lórí. Àwọn tí a fi ìbò rán lọ sí Abújà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí wọ́n bá sì wálé, orin àti ìlù ni a fi ń pàdé wọn. A kì í fi ìbéèrè pàdé wọn. Ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Kí a bi wọ́n pé: ní pósítọ́fíìsì ńlá tí ó wà ní agbègbè yín, ta ni òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá ẹni tí ẹrù rẹ̀ pẹ́ lóhùn? Ọjọ́ mélòó ni a fún un láti fi dáhùn? Bí aṣọ́bodè wa bá dá páálì dúró, ṣé ó ń kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kò gba owó, kò sì gba ìjà. Aṣojú tí kò bá lè dáhùn wọn, kí ó lọ wádìí, kí ó sì padà wá. Bí aṣojú náà bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa, a ní láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, nítorí orúkọ wa ni ó gbé lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀dọ̀ yín ni a fi ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù sí. Láti ayé àwọn baba wa ni olùkọ́ ti jẹ́ akọ̀wé ìlú. Ọ̀dọ̀ yín ni ìyá arúgbó ń gbé fọ́ọ̀mù wá títí di òní. Nígbà tí ó bá gbé e dé, ẹ má kọ "aṣọ" lásán sí i. Ẹ kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí aṣọ́bodè òkèèrè yóò lè kà: aṣọ òkè tí a fi òwú hun, ìró kan, bùbá kan, gèlè kan, ìwọ̀n rẹ̀, iye owó rẹ̀ gan-an, àti ilẹ̀ tí a ti ṣe é. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á bí ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, nítorí orúkọ ilé kì í gba ẹrù lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé, àdúgbò, ìlú, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀, àti fóònù. Ẹ fi í ṣe ẹ̀kọ́ ní kíláàsì pẹ̀lú. Ọmọ tí ó mọ bí a ṣe ń kọ àdírẹ́sì tí ó péye, tí ó sì mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó kọ irọ́ sí ìwé ẹrù, ti kọ́ èdè, ìṣirò àti ìwà rere pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Ohun tí a ní láti sọ kò ju èyí lọ. Kí ẹni tí ó ń fi ẹrù ránṣẹ́ kọ òtítọ́ sí i, kí ẹni tí ó gbé e sì fún un lésì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní ti ẹrù, bodè àkọ́kọ́ ni ó ti máa ń bá a. Nígbà tí a bá ti ṣe tiwa tán lórí káńtà, tí ìwé wa mọ́, tí rìsíìtì wa wà lọ́wọ́, nígbà náà ni a lè dúró níwájú iléeṣẹ́ yòówù, kí a sì béèrè ẹrù wa pẹ̀lú ojú tí kò tì. Iṣẹ́ ọwọ́ Ìṣẹ́yìn àti Abẹ́òkúta kò yẹ fún ohun tí ó kéré sí èyí.